Ṣíbí Ìtọ́wò Oníwàrà

Kí ló dé tí àdúrà ọdún mẹ́jọ kò fi mú àtọ̀gbẹ kúrò lára Ẹ̀gbọ́n Oníwàrà? Àbúrò rẹ̀ tó ń kọ ìtàn yìí ṣì gba Ọlọ́run gbọ́, àmọ́ kò tíì rí èsì.

Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe wàrà kíkan tí gbogbo àdúgbò ń mu. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, Ẹ̀gbọ́n dín wàrà tó ń mu kù sí ife kan péré lójúmọ́, láìsí ṣúgà. Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò rẹ̀ tún sìn ín lọ sílé ìwòsàn, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti burú sí i.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé ife kan péré náà lẹ ń mu lóòótọ́?"

Ẹlòmíì ìbá bínú. Ẹ̀gbọ́n ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo ti ń purọ́ láìmọ̀. Ìkòkò méjìlá ni mò ń tọ́ wò láràárọ̀, ṣíbí méjì-méjì, títí kan àwọn tó ní ṣúgà. Iṣẹ́ ni mo kà á sí, n kò mọ̀ pé jíjẹ ni!"

Èèyàn mélòó ló lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ láìwá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù?

Bí wọ́n ti délé, ó na ṣíbí sí àbúrò rẹ̀, tí kì í fẹ́ fi ohun kíkan kan ahọ́n. "Jọ̀ọ́, má fajú ro. Ẹnu tó o fi ń gbàdúrà fún mi yẹn, bá mi máa fi tọ́ wàrà wò láràárọ̀."