Ọjọ́ Tí Mo Ń Fi Fọ́tò Ránṣẹ́ Lọ́kọ̀ọ̀kan

Mo rántí òórùn káfè íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń bójú tó ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá: eruku, bẹntiróòlù, àti ooru kọ̀ǹpútà mẹ́fà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ náà, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ẹni tó kàn fẹ́ tẹ lẹ́tà á kọ́kọ́ gbọ́ nípa Ìbàdàn ná.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kan kó fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde wá, ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò máa ti sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba fọ́tò láti ibi gbogbo. Ọmọ tí tirẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kí ọ̀gá fọkàn balẹ̀. Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti tò wọ́n ní A, B, D, tí mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbàgbé pé Èkìtì ni mo wà. Adé pọ̀, Àjàyí pọ̀, Ayọ̀ pọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, A náà la ṣì wà. Fọ́tò wọ̀nyẹn ò tóbi rárá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wọlé, kọ̀ǹpútà wa á kanlẹ̀kùn, ti ọ̀hún á béèrè ẹni tó jẹ́, wọn á fohùn ṣọ̀kan, fọ́tò á wọlé, wọn á tilẹ̀kùn, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ fún èyí tó kàn. Ìkíni ń gba àsìkò ju ẹrù lọ. Mo ṣàlàyé ìkanlẹ̀kùn náà fún ọ̀gá, mo ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìyá kan tó ń ta epo pupa ní Ìgbàrà-Odò jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn pátápátá nínú ìwé, àìsàn ò sì jẹ́ kó ṣe ìdánwò náà lọ́dún tó kọjá. Ìyá náà ò tíì jẹun láti àárọ̀. Nígbà tó kọjá agogo méjì, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn ń kanlẹ̀kùn ulé ọ̀hún?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Tí a bá ṣe báyìí nígbà ukórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ulẹ̀ á ṣú mọ́ wa. Ẹgbẹ́ la fi í jáde. Gbogbo wa á kó ti wa sínú ugbá kan, ìyá ẹgbẹ́ á gbé e dé pẹpẹ, ubẹ̀ ni wọ́n ti í tú u."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìkórè. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ohun tó sọ fi yé mi. Wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń di ọ̀pọ̀ fáìlì sínú ẹyọ kan. Mi ò kàn ronú kàn án ni. Mo pe ẹni tó wà nídìí sáfà náà lórí fóònù. Ó ní òun lè tú u, ṣùgbọ́n tó bá já lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló máa bà jẹ́.

Mo di gbogbo èyí tó kù pọ̀, mo rán an. Agogo mẹ́ta ti lù. Ìlà tó ń fi bó ṣe ń lọ hàn ń rìn bí ìgbín, nígbà tó dé ìdajì, ó dúró. Ọ̀gá àgbà ṣí fìlà. Ìyá náà di ẹ̀yìn àga mi mú, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè yíjú wò ó. Ìlà náà tún rìn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí agogo mẹ́rin lù, ọkùnrin ọ̀hún pè mí: ó ti tú u, wọ́n pé. Mo ní kó wo èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ka orúkọ ọmọ náà, mo tún un kà sókè, ìyá náà sì bú sẹ́kún.

Ọ̀gá àgbà gbá mi mọ́ra, ó bi mí níbo ni mo ti rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìbàdàn ni, sà."

Ìyá náà wò mí. Ó ní, "Kú uṣẹ́, ọmọ mi," ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀, ó lọ.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Wọn ò ní ká gba ọgbọ́n ká sì sẹ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí mo fi wá ìyá náà lọ sí Ìgbàrà-Odò. Ọmọbìnrin rẹ̀ náà, tó ti di olùkọ́, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní ìyá òun ti lọ. Ó ní títí ó fi kú, ó máa ń gbàdúrà fún ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó gbé orúkọ òun dé pẹpẹ. Mo sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà náà pé ìyá rẹ̀ gan-an ló gbé igbá.