Iná Kì Í Lọ Mọ́ ní Ṣọ́ọ̀bù Tinúadé

Kí Olúkúnlé tó gbé bátìrì tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ní Airport Road, iṣẹ́ Tinúadé ní ibi tó máa ń dé tí á dúró. Bí iná ìjọba bá ti lọ, tí epo sì tán nínú jẹnẹrétọ̀, maṣíìnì á dákẹ́, òun náà á sì gbórí lé tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Oníbàárà tó bá wọlé á gbójú sókè wo gílóòbù, á mí kanlẹ̀, á ní, "NEPA ti tún ṣe é." Kò sẹ́ni tí í bá aránṣọ jà lórí ohun tí NEPA ṣe.

Ọmọ Ìkìrun ni Tinúadé. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló gbé wọn dé Benin. Èdè Bìní tó gbọ́ kò ju ti ìkíni lọ, ṣùgbọ́n Píjìn rẹ̀ já gaara, bẹ́ẹ̀ ni ìránṣọ rẹ̀ mọ́ tó fi jẹ́ pé àwọn obìnrin máa ń ti àdúgbò Ogbe wá bá a.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ bátìrì wá. Tinúadé ń wúkọ́ ṣáá, ẹ̀rù sì ba ọkọ rẹ̀. Ó ra sólà, ó ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wá gbé e kọ́ ògiri ní kò dà bí àwọn ti àtijọ́ tí à ń bu omi sí, tí wọ́n á sì ti rọ kí ọdún tó yí po. Ní ọjọ́ tí wọ́n tàn án, ọkọ àti aya jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn láìpariwo. Kò pẹ́ tí ikọ́ náà fi lọ.

Ṣùgbọ́n ìròyìn tàn. Àwọn tí aránṣọ wọn ń fi iná ṣe àwáwí kó aṣọ wọn, wọ́n forí lé ọ̀dọ̀ Tinúadé. Olúkúnlé pàápàá ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo bátìrì, wọ́n á sì fi aṣọ sílẹ̀ fún rírán kí wọ́n tó lọ. Tinúadé ń jẹun nídìí maṣíìnì. Ní ọjọ́ Àìkú, kí pásítọ̀ tó ka ẹsẹ Bíbélì tán, oorun á ti gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Arábìnrin Ọláníkẹ́, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, gbé òkìtì aṣọ dé. Ó fẹ́ kí gbogbo akọrin wọ aṣọ tuntun nígbà ìkórè, ìparí ọ̀sẹ̀ náà gan-an sì ni ìkórè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ ti lọ jù," ni Tinúadé wí.

"Ìyá Ìdùnnú, iṣẹ́ Olúwa mà ni. Ṣebí iná yín kì í lọ?"

Tinúadé gba aṣọ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún tó parí, ní ọ̀sán gangan, oorun gbé e nídìí iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lórí ohun tó fi ń tẹ maṣíìnì. Abẹ́rẹ́ wọ ìka rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìdùnnúolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ló kígbe.

"Mummy! Your hand!"

"Má pariwo. Pa iná ẹ̀. Bá mi yí kẹ̀kẹ́ maṣíìnì yìí sẹ́yìn. Rọra."

Ọmọ náà yí i títí abẹ́rẹ́ fi jáde. Wọ́n di ọwọ́ náà fún un ní kẹ́míìsì, wọ́n sì tún gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn.

Nígbà tí Olúkúnlé dé, ilẹ̀kùn tó wà ní títì ló kọ́kọ́ rí. Ó bá wọn nílé.

"Kí ló dé tí o fi ti ṣọ́ọ̀bù? Ṣé bátìrì yẹn ló bàjẹ́ ni?"

"Bátìrì ò bàjẹ́. Èmi ló rẹ̀." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Bàbá Ìdùnnú, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ikọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bátìrì yìí ti dé, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó rẹ̀ mí. Bóyá iná wà ni wọ́n ń bi mí. Ẹ̀yin náà, òun lẹ kọ́kọ́ béèrè."

Olúkúnlé jókòó tì í, ó di ọwọ́ tí kò dùn ún mú. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ tí kò tíì di rírán padà fún Arábìnrin Ọláníkẹ́. Inú arábìnrin náà kò dùn rárá. Nígbà ìkórè, àwọn akọrin kan wọ tuntun, àwọn kan wọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọrin wọn.

Láti ìgbà náà ni Tinúadé ti ń ti ilẹ̀kùn bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí gílóòbù.

"Madam, light dey now! Why you dey close?"

"Light dey," Tinúadé dáhùn. "Na me no dey."

Obìnrin náà kò padà wá mọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Oliha, ẹni tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì. Ara Tinúadé kò tíì bọ̀ sípò tán. Ìka yẹn kì í mọ̀ bí aṣọ bá kàn án.

Lọ́jọ́ kan tó lọ ra ata ní ọjà Oliha, ó bá aránṣọ ọ̀hún pàdé. Ojú obìnrin náà pọ́n, fọ́nrán òwú sì wà nínú irun rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Tinúadé fẹ́ bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ gbé àpò ata rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ti ń sanwó, ó ti ń kẹ̀yìn sí i.

"Abeg, my sister, no vex," ni ó wí. "Work dey wait me."

Ó sì yára wọ àárín èrò lọ.