Ẹ̀mí Pẹ́ Kó Tó Dé Lónìí

Wọ́n mú pásítọ̀ wa lọ lónìí torí pé a dákẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mówó, jíjókòó jẹ́ẹ́ ni ìsìn wa. Ẹni tí Ẹ̀mí bá bà lé nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Sójà kan wọlé, ó ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Pásítọ̀ ní, "Ọ̀gá, à ń gbàdúrà ni."

"Gààrí wọ́n báyìí, ẹ wá dákẹ́? Ìjọba lẹ̀ ń bú nínú ọkàn yín."

Ó wọ́ ọ jáde. Pásítọ̀ ń wojú wa, bóyá ẹnì kan á gbẹnu sọ fún un. A dákẹ́, à ń dúró de Ẹ̀mí.

Ìgbà tí mọ́tò wọn lọ tán ni Ẹ̀mí bà lé gbogbo wa. Èmi gan-an ni mo pariwo jù.

Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá lanu? Ẹ má purọ́ fún mi.