Agogo Olè Inú Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rọ kan wà nílé wa tí wọ́n gbà gbọ́ jù mí lọ. Agogo olè là ń pè é. Bàbá mi, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Odòde, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú wọn. Ó ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá kòkó, èkejì wà lára férémù rẹ̀. Bí irin méjèèjì bá fara kanra, agogo á dákẹ́. Bí wọ́n bá yà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwọn òkè tó yí ìlú wa ká á sì gba igbe náà padà sí wa létí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nínú ilé kòkó, ẹ mọ òórùn tí mo fẹ́ sọ: òórùn kíkan tó máa ń jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi bo kòkó tútù. A máa ń kọ́kọ́ lá ara funfun rẹ̀ tó dùn kí àgbà tó lé wa. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí n tó fọwọ́ kan iyán, mo gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán yí kòkó tí a sá sórí kọ̀ǹkéré, kọ̀ǹkéré náà á sì máa jó mi látẹ́lẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, a ó fi yọ̀ lórí àpáta sísàlẹ̀ títí aṣọ ìdí wa á fi ya. Ìyá mi nà mí nítorí aṣọ yẹn. Mo jẹ̀bi, n kò ráhùn. Kì í ṣe ẹgba ló ń dùn mí títí dòní.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kó gbogbo kòkó lọ, tí ọyẹ́ sì ti dé, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́sàn-án gangan. Bàbá sáré dé pẹ̀lú àdá, kò bá ẹnì kankan. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó fi ọ̀bẹ ha ìpẹtà ara irin. Ó fọwọ́ tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó fi àkísà wé ibi tí eku ti jẹ. Agogo ṣì ń ké. Nígbà tí wọ́n wá àìsàn náà tì lára ẹ̀rọ, wọ́n kọjú sí mi, nítorí èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ délé.

Ìyá Délé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ó ti kọ ọkọ sílẹ̀, ó wá ń ṣàkóso wa. Ó ní èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí mò ń gbá kòkó tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ síta láti lọ tà á.

“Ẹ̀rọ òyìnbó kì í purọ́,” ni Bàbá sọ.

“Ọmọ ló ń purọ́,” ni Ìyá Délé fi kún un.

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí agogo tún ké, tí mo sì wo inú yàrá kòkó. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ń wọlé láàárín ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti férémù. N kò rí i rí. Ìgbà kòkó, àpò máa ń fara ti ilẹ̀kùn yẹn dé òkè, wọ́n á tì í pinpin. Báyìí, àpò ti lọ, ọyẹ́ sì ti mú kí pákó sún kì. Mo dìde, mo wọlé, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Agogo dákẹ́. Mo kúrò, ó ké. Mo tún fẹ̀yìn tì í, mo pariwo pẹ̀lú ayọ̀ pé, “Bàbá! Ẹ wá wò ó!”

Ìyá Délé ló kọ́kọ́ dé.

“Olè ti há!”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilẹ̀kùn ni ...”

“Ilẹ̀kùn ló bí ẹ ni?”

Ó fà mí kúrò lára rẹ̀ bí Bàbá ṣe ń wọlé, agogo sì ké. “Àbúrò mi, o ò gbọ́? Ó ń jẹ́rìí!”

Ó so àpò kòkó mọ́ mi lọ́rùn, ó fà mí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fà mí padà. Àwọn tí a jọ ń ta súwè ló ń lu agolo mílíìkì lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń kọrin olè. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ilé kì í bá ọmọ ilé jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá rọ èèpo kòkó gbígbẹ sínú àpò, ó gbé e ti ilẹ̀kùn náà. Agogo kò ké mọ́. Ẹ rí i pé ó gbọ́ mi. Bí àlejò bá dé, á máa ní, “Mo ronú sí i títí, mo wá rí i pé ilẹ̀kùn ló gbẹ.” Èmi ni mo máa ń gbé omi wá fún wọn. Kò wò mí lójú. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fi ẹran tirẹ̀ kún ọbẹ̀ mi. Mo mọ ohun tí ẹran yẹn dúró fún. Mo gbé e fún ajá.

“Agogo” ni wọ́n ń pè mí nílé ẹ̀kọ́ títí mo fi lọ sí Àkúrẹ́. Bí mo bá jókòó, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á fọwọ́ bo pẹ́ńsùlù rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Délé kú, ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ṣebí èmi ni mo mọ̀wé jù. Mo ní ojú ń dùn mí.

Lóde òní, álààmù wà nílé tèmi náà. Àwọn ọmọ mi ló fi í síbẹ̀, òun náà sì ti darúgbó. Lóṣù tó kọjá, ó kígbe lọ́sàn-án láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ọkùnrin tó ń tún un ṣe pààrọ̀ bátìrì, ó nu ẹ̀yà kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní ẹ̀rọ tó ti gbó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló wà nílé. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fura sí báyìí. Láyé tiwa, ọmọ ni.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní, “Màmá, kì í ṣe èmi o.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé, “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

Gbólóhùn náà kò wúwo lẹ́nu rárá. Bàbá mi dàgbà, ó darúgbó, ó súre fún gbogbo ayé kó tó kú, ẹnu rẹ̀ kò sì fìgbà kan wọ́, síbẹ̀ kò sọ ọ́ fún mi rí.