Ìjì Tí Bàbá Mi Fún Ní Òdo

Òórùn ewé gúáfà tútù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Máfolúkù. Ìjì ti jà nírọ̀lẹ́ àná. Ewé kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, páànù ilé ìdáná Ìyá Síkírá, alábàágbé wa tó ń ta aṣọ lọ́jà Aswani, sì ti fò lọ há sórí ògiri ilé kejì.

Owó epo ń ṣàn nígbà náà, ilé tuntun sì ń hù ládùúgbò bí olú. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé nílùú òyìnbó, wọ́n máa ń fún ìjì àjà, èyí tó ń yí bí òkòtó, ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn kọjá, nítorí náà, ohun tó bà jẹ́ ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe sáré tó.

Márùn-ún ni mo fẹ́ kí tiwa gbà, kí n lè fi yangàn níléèwé. Mo tẹ̀lé bàbá mi yí àgbàlá ká. Ó wo àwọn ẹ̀ka tó ṣẹ́, ó sì ṣa ìṣó kan nílẹ̀.

"Kì í tiẹ̀ ṣe ìjì àjà," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ fún un ní máàkì, òdo ni."

Ìyá Síkírá fò dìde lórí àpótí. "Òdo kẹ̀! Bàbá Dúpẹ́, páànù mi fò bíi bàálù, ẹ wá ní òdo?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Síkírá. Káfíńtà yín ò kàn án dáadáa ni. Ẹ wo igi gúáfà, ó ṣì wà lóòró. Ìjì tó le gan-an ì bá ti hú u."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. "Níbo ni n ó ti wá dáná fáwọn ọmọ báyìí?"

Màmá mi wojú bàbá mi, ó sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ: "Atẹ́gùn tó ń da ológì láàmú, kí ni kí ẹlẹ́lùbọ́ wí?"

Ojú ti bàbá mi. Ó bọ́ṣọ iṣẹ́, ó wá òòlù, ó gbé páànù náà kúrò lórí ògiri, ó sì gun òkè ilé ìdáná Ìyá Síkírá lọ kàn án. Ilé ìdáná wa ni Ìyá Síkírá ti se oúnjẹ ọ̀sán, ibẹ̀ ló sì ti ń pariwo: "Ẹ kàn án kó le o! Kí òdo mìíràn má tún gbé e lọ!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà pé ìjì wa kéré. Èmi náà ti kọ́lé báyìí, l'Ókòta. Bí ìjì bá jà, n kì í béèrè bó ṣe le tó mọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ilé ta ló ṣí?"