Sísítà Tó Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Háà, Sísítà Mọrẹ́nikẹ́, ẹ mà lọ lóòótọ́! Àǹtí mi, ọ̀gá nọ́ọ̀sì nínú tíátà iṣẹ́ abẹ, onísùúrù obìnrin Festac, ta ni yóò máa di ọwọ́ mi mú báyìí tó bá fẹ́ yá jù?

Àwọn ọmọ yín lè má mọ ohun tí ẹ ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1980, torí ẹ kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ abẹ ti òkè òkun dé, mo gbé awò kan bọ̀, tín-ín-rín bíi bírò, tí iná wà lẹ́nu rẹ̀. A lè tì í bọ imú, kí a fi yọ ẹran tó hù sínú ihò egungun ojú, láìfi abẹ kan ojú aláìsàn. Orí mi ń wú! Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìṣòro. Bí ẹ̀kán kan bá bo ojú awò náà, oníṣẹ́ abẹ ò ríran mọ́, bẹ́ẹ̀ egungun tó wà láàárín ibẹ̀ àti ẹyinjú fẹ́lẹ́ bíi bébà.

Káfíńtà kan láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ kàn. Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́, kò sì gbóòórùn nǹkan kan láti ọdún mẹ́rin. Mo bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, ó ní rárá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti dùbúlẹ̀ ní tíátà kí ẹ tó bi í lọ́nà tiyín: “Bọ̀dá, tí orí yẹn bá dé, kí lẹ máa ń gbé mì?”

“Ìyẹn kì í ṣe oògùn, Sísítà. Kóró méjì tí mo ń rà ní Apple Junction ni, láàárọ̀ àti lálẹ́.”

Ásípírìn ni, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì! Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín, ẹ ní kò sí iṣẹ́ abẹ lónìí. Mo fárí gá, torí àwọn ọ̀gá mi ti pé síbẹ̀. Ẹ ní:

“Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí ò mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yín wá wòran.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí káfíńtà ò gbé kóró kankan mì, a padà sí tíátà, òǹwòran ò sí. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà rọ́ wá sójú. Ẹ fi gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń di ọgbẹ́, tí ẹ rì sínú oògùn tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, há imú rẹ̀, ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ó dúró. Ní ìṣẹ́jú kẹfà mo nawọ́, ẹ gbá a padà. Nígbà tí ẹ yọ gọ́ọ̀sì, inú imú náà funfun báláú, mo rí gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀! Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún fẹ́ yọjú, ẹ ó ti gọ́ọ̀sì padà, a ó tún dúró. Mo yọ ẹran náà tán, ohunkóhun ò ṣe ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa, ó ń fa imú.

“Sísítà, kí lẹ fi fọ ilẹ̀ yìí? Ó mà ń rùn o.”

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó, ló bá bú sẹ́kún.

Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń dúró, ẹ ò dúró kí n dúpẹ́ tán. Mo dúpẹ́. Ẹ sùn re o, Sísítà; ẹ sùn re.