Fìlà Tó Ṣófo

Bàbá gbé etí lé ẹ̀yìn mọ́tò bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. "Tún un yí, ìyá mi." Èmi ọmọdé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, mo tún kọ́kọ́rọ́ yí. Mọ́tò ìjàpá wọn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn, hùn, ó hùn, ó dákẹ́. Kò jí. Bàbá ò gbé orí sókè. Wọ́n ṣáà ń gbọ́ nǹkan tí kò sọ̀rọ̀.

Àgbàlá wa ní Kétu ni mò ń wí, nígbà tí ẹ̀yìnkùlé wa ṣì jẹ́ igbó títí dé apá Alápẹ̀rẹ̀. Bàbá kì í ṣe ẹbí wa, yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Mẹkáníìkì ni wọ́n, ará Òkè-Ògùn. Ìyàwó wọn ti kú, wọn ò sì bímọ. Ìyá tó bí mi a ti lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a gba ilé ìwé lọ, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́lé. Torí náà, látàárọ̀ dalẹ́, èmi àti Bàbá náà ni. Wọ́n á bu ẹ̀kọ wọn fún mi jẹ, epo bẹntiróòlù á máa rùn lára ẹ̀kọ. Mi ò jẹ ẹ̀kọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ohun kan wà tí Bàbá máa ń ṣe nítorí olè. Lálaalẹ́, wọ́n á ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n á yọ nǹkan dúdú kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ. Rótọ̀ ni wọ́n ń pè é, òun ló ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá ti sí níbẹ̀, olè kankan ò lè wa mọ́tò yẹn lọ. Inú fìlà wọn ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á fi fìlà kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀.

Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, àìmọye ìgbà: "Ẹ̀yìn lọ́rì ẹlẹ́ran ni mo gùn wá sí Èkó. Èmi ni màá wa ara mi lọ sílé." Àfi bí àbúrò wọn ṣe ránṣẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n di ẹrù, inú wọn ń dùn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni màá máa bá jókòó.

Ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ èyí náà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, mo gun àpótí, mo ki ọwọ́ bọ fìlà, mo mú rótọ̀, mo so ó mọ́ etí ìró mi.

Bàbá kírun tán, wọ́n mú fìlà, wọ́n fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó ṣófo. Wọ́n dé e, wọ́n rò pé àwọn ti dá a padà nìyẹn. Ẹni tó ti ń ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́ láti ọdún gbọọrọ, kì í rántí pé òun ṣe é. Fìlà tó ṣófo ló ń sọ fún un.

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀ wò nígbà tí mọ́tò kọ̀ tí kò jí. Wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú táǹkì, epo wà. Wọ́n fi sípánà kan orí bátìrì, iná ta. Wọ́n tú ibi tí epo ń gbà, wọ́n fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n tutọ́ sílẹ̀. Oòrùn ti dé àtàrí. Káfíńtà tó wà lójúde dá sí i pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ká fà á délé yín bí ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ bàbá ẹ ni kó o lọ fà," Bàbá wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Wọ́n wá yọ pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Epo ti rin ín. "Epo ń dé. Iná ni kò dé." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣí ibi tí rótọ̀ ń gbé.

Rótọ̀ ò sí níbẹ̀. "Ìyá mi, ṣé o rí mi láàárọ̀ tí mo dá a padà?"

"Ẹ ò dá a padà, Bàbá. Mò ń wò yín."

"Kí ni mo wá fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n jókòó sórí garawa. Ẹ̀rín tán lójú wọn. Nígbà tí ìyá mi dé láti ọjà, ó ní, "Bàbá, wọ́n ṣáà ń ta òmíràn ní Èkó."

"Kì í ṣe rótọ̀ ló sọnù, ìyá ọmọ."

Nǹkan náà ń gún mi nítan níbi tí mo jókòó sí. Mo fẹ́ sọ, mo tún fa ìró bò ó. Mo rò pé wọ́n á kúkú dúró tì mí. Wọn ò dúró. Wọ́n ní ẹni tí orí rẹ̀ ti ń jò ò gbọdọ̀ wa mọ́tò kó má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò wọn dé, lọ́rì ni wọ́n sì tún gùn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Máa rántí nǹkan o, ìyá mi. Má ṣe bí èmi." Mọ́tò náà wà nínú àgbàlá títí koríko fi bò ó. Mi ò rí Bàbá mọ́.

Rótọ̀ yẹn ṣì wà nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kétu yìí náà ni mo ṣì wà. Mo gbàgbé ìkòkò sórí iná lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ mi ní kí n má dáná mọ́. Ní ìjẹta, mo wá gèlè mi títí, mi ò rí i. Mo jókòó, mo wá rí i pé ojú àwọn ọmọdé inú ilé ni mò ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé mo fura sí wọn. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ló mú un.